Ohun Tí Ìwé Jẹ́nótáìpù Ń Sọ, àti Ohun Tí Kò Sọ

Kí àfẹ́sọ́nà méjì tó yan aṣọ ẹbí lóde òní, pásítọ̀ tàbí ààfáà á ti bi wọ́n pé: "Jẹ́nótáìpù yín ńkọ́?" Wọ́n á lọ sí láàbù, wọ́n á na apá, wọ́n á sì mú ìwé pélébé kan bọ̀ tí lẹ́tà méjì péré wà lórí rẹ̀: AA, AS, AC, SS tàbí SC. Lẹ́tà méjì yìí ti tú àwọn kan ká, ó sì ti gba àwọn mìíràn lọ́wọ́ ẹkún. Síbẹ̀, ẹ bi ẹni tó ti fi ìwé tirẹ̀ há inú Bíbélì láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn pé kí ni A, kí ni S, kí sì ni ẹni tó kọ ọ́ rí kó tó kọ ọ́. Yóò ní láàbù ló sọ bẹ́ẹ̀.

Láàbù kò rí A, kò rí S. Ìlà pupa tín-ín-rín ni wọ́n rí lórí bébà kan, àwọn ni wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí lẹ́tà. Ìtumọ̀ lè tọ̀nà, ó sì lè ṣìnà. Orí yìí wà kí ẹ lè mọ ohun tí wọ́n ń kà, kí ẹ sì mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ ní kí wọ́n tún un kà.

Awẹ́ gbànja méjì

Ẹ la obì gbànja kan. Awẹ́ méjì ni ẹ ó bá níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìlànà tí ara fi ń kọ́ ara rẹ̀ ṣe rí: ìlànà bí awọ yóò ṣe dúdú tó, ìlànà bí ẹ̀jẹ̀ yóò ṣe pọ́n, méjì méjì ni wọ́n. Ìlànà kọ̀ọ̀kan yìí là ń pè ní jíìnì. Awẹ́ kan ti ọ̀dọ̀ bàbá wá, awẹ́ kejì ti ọ̀dọ̀ ìyá wá. Bó bá wá kan ẹni náà láti bímọ, awẹ́ ẹyọ kan ni yóò fún ọmọ. Kò lè kó méjèèjì fún un, kò sì lè yan èyí tí yóò fún un. (Àwọn jíìnì kan wà tí kò rí báyìí lára ọkùnrin, àwọn tó wà lórí ìdì jíìnì tí wọ́n ń pè ní krómósómù X, nítorí ẹyọ X kan ṣoṣo ni ọkùnrin ní. Ti ẹ̀jẹ̀ tí à ń sọ níhìn-ín kò sí lára wọn.)

Àwọn baba wa ti kíyè sí i tipẹ́ pé àbùdá a máa fo ìran kan kó tó padà yọjú. Ọmọ á gbé ojú bàbá àgbà wáyé, bó bá sì jẹ́ pé bàbá àgbà náà ti kú, orúkọ ti wà nílẹ̀: Babátúndé. Ibi tí àbùdá náà sá sí fún ìran kan ni kò yé ẹnikẹ́ni, títí tí mọ́ńkì kan tó ń jẹ́ Gregor Mendel fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ẹ̀wà píì ní ìlú Brno, ní orílẹ̀-èdè Ṣẹ́ẹ̀kì òde òní, láti 1856 dé 1863. Ó da èyí tí hóró rẹ̀ rí róbótó pọ̀ mọ́ èyí tí hóró rẹ̀ hunjọ. Gbogbo ọmọ wọn ló rí róbótó, bí ẹni pé híhunjọ ti parẹ́. Ó gbin àwọn ọmọ náà, ó jẹ́ kí wọ́n dá so, ó sì jókòó, ó ka hóró wọn bí ìyá alájàpá ṣe ń ka owó: 5,474 rí róbótó, 1,850 hunjọ. Mẹ́ta sí ẹyọ kan ni, ó kù díẹ̀ kó pé gẹ́lẹ́. Híhunjọ kò parẹ́. Ẹ̀yìn róbótó ló wà. Ó tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde ní 1866, kò sì sí ẹni tó kà á sí gidi títí di 1900, lẹ́yìn tó ti kú.

Ohun tí jíìnì náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ni DNA, okùn gígùn alọ́pọ̀ méjì tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n fi lẹ́tà mẹ́rin péré kọ: A, T, C, G. Ẹ jọ̀wọ́, A ti DNA kì í ṣe A ti jẹ́nótáìpù. Èyí máa ń da ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láàmú. A ti jẹ́nótáìpù dúró fún hẹmoglóbìnì àgbàlagbà, ìyẹn èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn kiri ara. Lẹ́tà DNA tí a gbà lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo tó bílíọ̀nù mẹ́ta, wọ́n sì di wọ́n sínú krómósómù mẹ́tàlélógún. Jíìnì hẹmoglóbìnì tó kàn wá wà lórí krómósómù kọkànlá.

Lẹ́tà kan ṣoṣo

Lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta ni sẹ́ẹ̀lì ń ka DNA, bí ìgbà tí ọmọ kékeré bá ń pe ọ̀rọ̀ ní sílébù. Ní ipò kẹfà nínú jíìnì hẹmoglóbìnì yìí, GAG ló yẹ kó wà. Ẹni tó gba S, GTG ló wà níbẹ̀. Ẹni tó gba C, AAG ni. Ìyàtọ̀ náà kò ju lẹ́tà kan lọ nínú bílíọ̀nù mẹ́ta.

Kí ni lẹ́tà kan lè ṣe? Nígbà tí hẹmoglóbìnì S bá já ọ́síjìn sílẹ̀, ó máa ń so mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ di okùn, okùn náà á sì na sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó rí róbótó pẹlẹbẹ di dòjé. Dòjé kì í yọ̀ gba inú iṣan tóóró kọjá. Á há, ẹ̀jẹ̀ á dúró lẹ́yìn rẹ̀, ìrora á sì bẹ́ sílẹ̀ nínú egungun. Òun ni àwọn èèyàn ń pè ní kíráísìsì. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó dára máa ń lò tó 120 ọjọ́ láyé. Ti ẹni tó jẹ́ SS kì í sábà ju ọjọ́ mẹ́wàá sí ogún lọ, ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ fi máa ń wọ́n lára rẹ̀. Yorùbá pe àìsàn náà ní fòníkú-fọ̀ladìde, orúkọ náà sì bá a mu ju "sickle cell" ti òyìnbó lọ, nítorí ìrísí sẹ́ẹ̀lì ni tòyìnbó ń sọ, ojú ẹni tó ń jẹ ìyà ni tiwa ń wò.

Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n pè ní abíkú láyé àtijọ́, tí wọ́n sọ ní Málọmọ́ tàbí Kòkúmọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ SS ló ń pa wọ́n. Àmọ́ ibà àti ìgbẹ́ gbuuru pẹ̀lú pa ọmọ púpọ̀ nígbà yẹn. N kò ní di gbogbo ẹ̀bi náà lé S lórí.

Ibà yẹn gan-an ló jẹ́ kí S pọ̀ láàárín wa. Ní 1954, dókítà Anthony Allison, tó ṣiṣẹ́ ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà, fi hàn pé ọmọ tó jẹ́ AS kì í tètè bá ibà líle lọ bí ọmọ AA. Níbi tí ẹ̀fọn ti ń jẹ ènìyàn láti ìran dé ìran, àwọn AS ń yè, wọ́n ń bímọ, wọ́n sì ń tàtaré S. Lónìí, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS. Ẹni tó bá jẹ́ AS kì í ṣe aláìsàn, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í wọ́lẹ̀.

Ilé oníyàrá mẹ́rin

Ẹ mú bírò. Ẹ ya ilé oníyàrá mẹ́rin sórí ìwé, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Ẹ kọ awẹ́ méjì ti bàbá sí orí òrùlé, ọ̀kan sórí òpó kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ awẹ́ méjì ti ìyá sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ẹ wá kó lẹ́tà orí òrùlé àti ti ẹ̀gbẹ́ ògiri pàdé nínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Bí bàbá bá jẹ́ AS tí ìyá náà jẹ́ AS, yàrá kan á jẹ́ AA, méjì á jẹ́ AS, ọ̀kan á jẹ́ SS. Ìṣirò Mendel náà ló tún dé: mẹ́ta láìsí àìsàn, ọ̀kan pẹ̀lú rẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Wọ́n á ní, "Ọ̀kan nínú mẹ́rin ni wọ́n wí. A ó bí mẹ́ta, a ó sì dúró." Tàbí kẹ̀, "SS tiwa ti wá, àwọn tó kù á yè é." Yàrá mẹ́rin yẹn kì í ṣe ọmọ mẹ́rin. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ń wọ ilé náà lákọ̀tun, kò sì mọ yàrá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sùn. Bí ẹ bá fẹ́ kó yé yín dénú, ẹ wá ìdérí ìgò mínírà méjì, ọ̀kan fún bàbá, ọ̀kan fún ìyá. Ẹ fi máákà kọ A sí ojú kan, S sí ojú kejì. Ẹ jù wọ́n sókè pọ̀ nígbà ogójì, kí ẹ sì kọ ohun tó bá jáde sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí ibi tí SS ti jáde lẹ́ẹ̀mejì léra, kí ẹ sì rí ibi tí ẹ ju mẹ́jọ tí kò jáde rárá. Mo ti ṣe é pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ariwo tí wọ́n pa nígbà tí SS mẹ́ta tẹ̀ léra wọn kò kúrò létí mi.

Bí a bá fi ìṣirò sọ ọ́: nínú ọgọ́rùn-ún tọkọtaya AS àti AS tó bí ọmọ mẹ́ta mẹ́ta, nǹkan bí 42 ni kò ní bí SS kankan. Àwọn 58 tó kù yóò ní ọ̀kan, ó kéré tán. Ẹ̀rí àwọn 42 yẹn ni a máa ń gbọ́ jù, nítorí àwọn ni wọ́n ń sọ ọ́ níta.

Àwọn ìdàpọ̀ yòókù kò gba àlàyé gígùn. AA àti AS kò lè bí SS láé. AA àti SS, AS ni gbogbo ọmọ wọn. AS àti SS, ìdajì ni ewu rẹ̀ lórí oyún kọ̀ọ̀kan. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ dúró lé lórí ni AC, nítorí ilé wa ni C wà. Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni ibi tó ti wọ́pọ̀ jù, a sì ń bá a pàdé dáadáa láàárín Yorùbá. Àwọn kan ń sọ pé AC kò ṣe nǹkan kan. Òótọ́ ni, títí tí AC fi máa fẹ́ AS. Ẹ ya ilé náà: AA, AS, AC, àti SC nínú yàrá ìkẹyìn. SC náà ń ní kíráísìsì. Kì í sábà le tó ti SS ní kékeré, ṣùgbọ́n ó máa ń ba ojú jẹ́, ó sì máa ń pa orí egungun itan, tí ẹni tí kò tíì dàgbà á máa tiro. Ẹni tó bá jẹ́ SC, kó máa lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kò dùn ún.

Ohun tí wọ́n ń ṣe sí ẹ̀jẹ̀ yín

Inú ìgò kékeré onídèérí àwọ̀ elésè àlùkò ni ẹ̀jẹ̀ yín máa ń lọ. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì wà nínú rẹ̀. Ará láàbù á fi ẹ̀rọ yí i títí sẹ́ẹ̀lì pupa á fi rọ̀ sísàlẹ̀, á fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, á sì bẹ́ ẹ kí hẹmoglóbìnì inú rẹ̀ lè tú jáde. Á tọ́ díẹ̀ sí etí bébà pàtàkì kan, á gbé e sínú àwo tí omi oògùn wà, á sì gbé iná mànàmáná gbà á kọjá. Orúkọ iṣẹ́ náà ni electrophoresis. Hẹmoglóbìnì á máa sáré lọ sí ìhà iná pọ́sítíìfù, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn kò yá bákan náà. A máa ń síwájú, S á wà láàárín, C á wà lẹ́yìn nítòsí ibi tí wọ́n ti gbéra. Ẹni tó bá jẹ́ AS á ní ìlà méjì, A pọ̀ díẹ̀ ju S lọ. Ní 1949 ni Linus Pauling àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kalifọ́níà fi iná mànàmáná hàn pé hẹmoglóbìnì àwọn SS kò rìn bíi ti ẹlòmíràn. Nígbà náà ni aráyé kọ́kọ́ rí àìsàn kan tí wọ́n tọpa rẹ̀ dé inú èròjà kan ṣoṣo. Irú àyẹ̀wò yẹn náà ni wọ́n ń ṣe fún yín lẹ́bàá ọ̀nà lónìí.

Nítorí náà, hẹmoglóbìnì ni wọ́n kà. Wọn kò fọwọ́ kan jíìnì. Ọbẹ̀ ni wọ́n tọ́ wò, wọ́n wá sọ irú èlò tó wà nínú ìkòkò. Ó máa ń tọ̀nà lọ́pọ̀ ìgbà, àmọ́ ọ̀nà tó lè gbà ṣìnà kò kéré.

Ìfàjẹ̀sínilára ló léwu jù. Ọmọ tó jẹ́ SS tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wọ́n, tí wọ́n wá fa ẹ̀jẹ̀ AA sí lára, bí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ kejì, ìlà A á hàn, ìlà S á hàn, ìwé á sì kọ AS. Ilé á jó, wọ́n á dúpẹ́. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ àlejò bá ti tán lára rẹ̀, kíráísìsì á dé. Ẹni tí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ sí lára gbọ́dọ̀ dúró oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó ṣe àyẹ̀wò yìí, kó sì sọ fún láàbù láìdúró dè wọ́n láti bi í, torí ọ̀pọ̀ wọn kì í bi í.

Ọmọ tuntun ni ìkejì. Hẹmoglóbìnì tirẹ̀ kì í ṣe A bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe S ní pàtàkì. F ni, ti inú oyún, òun ló sì pọ̀ jù lára rẹ̀ ní oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn ẹ̀rọ ńlá kan wà tó lè ka S láti ọjọ́ ìbí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ bébà àtijọ́ ni wọ́n lò fún ọmọ oṣù méjì, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọdún kan.

Lẹ́yìn náà, oríṣi hẹmoglóbìnì mìíràn wà, bíi D, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú S lórí bébà yìí. Kò wọ́pọ̀ níbí, láàbù tó mọṣẹ́ sì ní omi oògùn kejì, èyí tó kan, tó fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Àyẹ̀wò kíákíá tún wà, tí wọ́n ń da ẹ̀jẹ̀ sínú omi kan kí wọ́n wò ó bóyá á ṣú. Bí ó bá ṣú, S wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè sọ bóyá AS ni tàbí SS, kò sì mọ C rárá. Bó bá jẹ́ òun nìkan ni wọ́n ṣe fún yín, ẹ má tíì ra aṣọ ẹbí.

Àṣìṣe tó kù, ti ọmọ ènìyàn ni. Ìgò méjì pààrọ̀. Iná lọ láàárín iṣẹ́, wọ́n sì ń bá a lọ nígbà tó dé bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Omi oògùn ti gbó. Wọn kò fi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti mọ̀, AS tàbí SC, sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín láti fi ṣe òṣùwọ̀n. Kò burú kí ẹ bi wọ́n pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ọ̀nà wo lẹ fi ṣe é? Ṣé kọntírólù wà níbẹ̀?" Ẹni tó mọṣẹ́ á dáhùn tayọ̀tayọ̀. Ẹ ṣe é ní láàbù méjì tí kò bára tan. Owó rẹ̀ kò tó owó agbádá kan.

DNA inú ọ̀gẹ̀dẹ̀

Kí a tó wọ láàbù DNA, níbi tí wọ́n ti ń ka jíìnì fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi ojú wa rí DNA. Ẹ wá ìdajì ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti pọ́n, ẹ fi sínú ọ̀rá, ẹ tẹ̀ ẹ́ títí á fi rí bí àkàmù. Ẹ po omi ìdajì ife pẹ̀lú ṣíbí tíì iyọ̀ kan àti méjì ọṣẹ olómi tí ẹ fi ń fọ abọ́. Ẹ dà á sínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, ẹ rò ó jẹ́jẹ́ kó má hó. Ẹ fi aṣọ funfun mímọ́ sẹ́ ẹ sínú ife onígíláàsì tóóró. Ẹ ti gbọ́dọ̀ fi sìpíríìtì tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì sínú fìríìjì, kí ìdérí rẹ̀ le dáadáa, kó sì jìnnà sí iná. (Ògógóró kò le tó. Mo ti dán an wò.) Ẹ da sìpíríìtì tútù náà gba ẹ̀gbẹ́ ife wọlé díẹ̀díẹ̀, kó dúró lórí omi ọ̀gẹ̀dẹ̀, kó tó o ní ìwọ̀n. Ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ohun funfun kan á máa gòkè bí òwú tó wọnú omi. Ẹ fi igi ìtayín wé e. DNA nìyẹn, pẹ̀lú ìdọ̀tí díẹ̀. Ọṣẹ ló tú ọ̀rá tó yí sẹ́ẹ̀lì ká, iyọ̀ ló jẹ́ kí okùn náà lè fara mọ́ra, sìpíríìtì ló lé e jáde nínú omi.

Láàbù ń ṣe ohun kan náà pẹ̀lú oògùn tó mọ́ ju ọṣẹ lọ. Wọ́n lè fi òwú ra inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín, wọ́n sì lè gba ẹ̀jẹ̀. Ohun kan ṣe mí ní kàyéfì nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ: sẹ́ẹ̀lì pupa, tí gbogbo ìjà yìí dá lé, kò ní DNA nínú. Ó ti tú tirẹ̀ dànù kó tó jáde sínú iṣan. Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń lò.

DNA tí wọ́n bá rí kò pọ̀ tó láti kà, nítorí náà wọ́n á sọ ojú ibi tí wọ́n fẹ́ kà di púpọ̀. PCR ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà, Kary Mullis ló ronú kàn án ní 1983. Ẹ̀rọ náà á gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n 95 kí okùn méjì lè tú, á tutù kí àmì kékeré méjì lè lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ń wá, á sì tún móoru dé 72 kí ẹ́ńsáìmù, èròjà tó ń ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì, lè kọ ẹ̀dà tuntun. Ọ̀kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin. Bí wọ́n bá yí i ní ọgbọ̀n ìgbà, ẹyọ kan á ti lé ní bílíọ̀nù kan. Inú omi gbígbóná tó ń ru sókè láti ilẹ̀ ní Yellowstone, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti rí kòkòrò tó ní ẹ́ńsáìmù tí ooru kì í pa. Ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde lórí PCR, ní 1985, jíìnì hẹmoglóbìnì ló dá lé: àyẹ̀wò fòníkú-fọ̀ladìde.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á mú ẹ́ńsáìmù mìíràn, DdeI, tó dà bí àlùmọ́gàjí tó mọ̀wé. Ó máa ń gé DNA níbi tó bá ti rí C, T, lẹ́tà kan yòówù, A àti G ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Nínú jíìnì A, CTGAG ló wà níbẹ̀, á gé e. Nínú S, ó ti di CTGTG, á fò ó kọjá. Wọ́n á wá da ohun tó gé sínú jẹ́ẹ̀lì tó rí bí ẹ̀kọ tútù, tí wọ́n fi òòyà dá ihò sí lórí kó tó dì, wọ́n á sì gbé iná gbà á. Ègé kékeré á sáré jìnnà, gígùn á wọ́lẹ̀ lẹ́yìn. AA á fi ègé kúkúrú hàn, SS á fi gígùn kan hàn, AS á fi gbogbo rẹ̀ hàn. Ihò kan gbọ́dọ̀ wà tó jẹ́ omi lásán ni wọ́n fi ṣe PCR tirẹ̀. Bí ìlà bá yọ nínú omi lásán, DNA ẹlòmíràn ti wọ inú iṣẹ́ náà, dídà nù ni.

Ẹ wá wò ó: ṣé ẹ́ńsáìmù yìí mọ C? Jíìnì C ní CTAAG níbẹ̀. C, T, lẹ́tà kan, A, G. Á gé e bí ẹni gé A! Ẹni tó jẹ́ SC á jáde nínú àyẹ̀wò DNA yìí bí AS. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé "DNA ni wọ́n ṣe, kò lè ṣìnà", ẹ bi í pé ìbéèrè wo ni wọ́n bi DNA náà. Láàbù tó bá ka lẹ́tà náà ní ẹsẹẹsẹ ló lè dá gbogbo wọn mọ̀.

Ìgbà wo ni ẹ nílò ti DNA? Nígbà tí ìwé láàbù méjì bá ta ko ara wọn, nígbà tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí ènìyàn lára tí a kò lè dúró, àti nígbà oyún. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kọkànlá, dókítà tó mọ̀ ọ́n lè gba díẹ̀ lára olóbì ọmọ, kí wọ́n sì ka jíìnì rẹ̀. Ohun tí tọkọtaya bá ṣe lẹ́yìn èsì náà, tiwọn ni. Kì í ṣe ti láàbù, kì í ṣe ti ìyá ọkọ.

Inú DNA náà ni wọ́n ti ń ṣe ìtọ́jú tuntun tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní òpin 2023, Casgevy. Kò pa S rẹ́. Ńṣe ló pa bọ́tìnnì tó máa ń dá hẹmoglóbìnì F dúró, kí F ìgbà oyún lè padà wá ṣiṣẹ́. Owó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là. Lára sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn egungun ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ náà, wọn kò dé ibi tí ọmọ ti ń wá: ẹni tí ara rẹ̀ bá yá nípasẹ̀ rẹ̀, awẹ́ S ni yóò ṣì fún ọmọ rẹ̀.

Àyẹ̀wò ta ni bàbá ọmọ

Ọ̀nà mìíràn ni àyẹ̀wò bàbá ọmọ gbà. Ní 1984, ní Leicester, ni Alec Jeffreys rí i pé àwọn ibì kan wà nínú DNA tí ọ̀rọ̀ kúkúrú kan ń tún ara rẹ̀ wí, tí iye ìgbà tó ń wí i sì yàtọ̀ lára ènìyàn. Bí ọmọ bá ní 9 àti 12 níbì kan, tí ìyá ní 9 àti 14, ọ̀dọ̀ bàbá ni 12 ti wá. Ọkùnrin tí kò ní 12 níbẹ̀ ti ní ìbéèrè láti dáhùn. Ibì kan ṣoṣo kò tó láti fi lé e jáde, torí iye náà a máa yí padà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Láàbù gidi ń wo ogún ibi tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irú ìdílé bàbá, ìyá àti ọmọ báyìí ni wọ́n kó jọ ní Ìbàdàn, ọgbọ̀n ìdílé, fún HapMap, iṣẹ́ àgbáyé kan lórí ìyàtọ̀ inú DNA ènìyàn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002. Àwọn onímọ̀ káàkiri ayé ṣì ń fi DNA wọn ṣe òṣùwọ̀n lábẹ́ àmì YRI, Yorùbá Ìbàdàn.

Ẹ má ṣe fi jẹ́nótáìpù ṣe àyẹ̀wò bàbá. Ọ̀rẹ́ mi kan àti ìyàwó rẹ̀ bí ọmọ tí àyẹ̀wò ní SS ni. Ìwé tí wọ́n gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó ṣègbéyàwó ní AA ni ọkọ, AS ni ìyàwó. Ìyá ọkọ kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ ilé oníyàrá mẹ́rin yẹn dáadáa: ó ní ọmọ kì í ṣe ti ọmọ òun. Ìyàwó kó lọ sílé bàbá rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Wọ́n ti ń wá owó àyẹ̀wò DNA nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó, nọ́ọ̀sì, sọ fún ọkọ pé kó kọ́kọ́ lọ tún jẹ́nótáìpù tirẹ̀ ṣe níbi méjì. Méjèèjì kọ AS. Kò sí ẹni tó lè sọ bóyá ìgò ló pààrọ̀ lọ́jọ́ kìíní àbí ọwọ́ akọ̀wé ló yọ̀. Ó lọ mú ìyàwó rẹ̀ wálé lọ́jọ́ Àìkú, òun àti ìyá rẹ̀. Ìwé AA náà ṣì wà nínú fáìlì wọn. Ọkọ ti fi bírò pupa fa ìlà lé lẹ́tà kejì, ó kọ S sókè rẹ̀, ó sì kọ déètì sí i.